Àmì Pupa Lára Ògiri Wa

Kí n tó fa ìlà kan ṣoṣo sórí aṣọ, mo lè jókòó níwájú rẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí. Àwọn èèyàn rò pé àṣàrò ni mò ń ṣe. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Màá lọ sí ilé ìyàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, màá fọ ife tí kò dọ̀tí, màá tún ibi tí mo ti gbá gbá. Búrọ́ọ̀ṣì á wà nínú omi, aṣọ funfun á nà tantan lára ògiri, èmi á sì máa yí yàrá ká bí ẹni tó fẹ́ wọ ilé tí ajá wà.

Ìyá mi kì í yé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti ń ta aṣọ ní ìlú Ouagadougou fún nǹkan bí ogójì ọdún, láti ìgbà tí òun àti bàbá mi ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, lójú tirẹ̀ aṣọ ni aṣọ ń jẹ́.

"Mítà mẹ́fà," á ní. "Aṣọ tó mọ́ tónítóní. Èèyàn ì bá fi rán búbù. O wá jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú."

"Màmá, mò ń wò ó ni."

"Kí ló fẹ́ ṣe tí o fi ń wò ó? Ṣé ó fẹ́ sá lọ ni?"

N kì í ya ènìyàn, n kì í ya igi, n kì í ya ilé. Àmì ni mò ń fà. Tí ìbẹ̀rù bá ti sú mi, màá mí sínú, màá di èémí mú, màá ti èjìká fa búrọ́ọ̀ṣì náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n tó mí síta ó ti parí. Tó bá dára, ó dára. Tí kò bá dára, n kì í tún un ṣe, aṣọ náà á di èyí tí a fi ń nu ilẹ̀. N kì í sì í fa irú àmì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Òfin mi nìyẹn, mo sì máa ń fi yangàn.

Kí n má parọ́, òfin náà kọ́kọ́ jẹ́ àbùkù. Nígbà tí mo parí ilé ẹ̀kọ́ girama, mo lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá Mossi kan ní àdúgbò Paspanga, tó ń kọ orúkọ sára pátákó àwọn aránṣọ, àwọn onígbàjámọ̀ àti àwọn tó ń tún mòtò ṣe. Bàbá yìí lè kọ A ọgọ́rùn-ún kí o má mọ èyí tó kọ́kọ́ kọ. Ní tèmi, A kan á sanra, èkejì á gbẹ, ẹ̀kẹta á máa wo ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ó fara dà á fún oṣù mẹ́jọ. Níkẹyìn ó fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan, ó ní, "Ọmọ mi, ọwọ́ rẹ kò ní ìrántí." Mo sunkún délé. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí mo wá di ayàwòrán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ náà ṣe oyè. Tí wọ́n bá bi mí léèrè níbi àfihàn, màá ní, "Ọwọ́ mi kò ní ìrántí," àwọn èèyàn á mi orí, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù yẹn kò ti Paspanga wá. Mo mọ ibi tó ti wá.

Mo tó bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Àdúgbò Zangouettin la ń gbé nígbà náà, lẹ́bàá ọjà ńlá, ìdílé mẹ́fà nínú ọgbà kan. Lọ́jọ́ kan mo ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án, mo bá bàbá mi tó ń ti mọ́sálásí bọ̀. Ó dúró síwájú ilé, kò wọlé. Mo wo ibi tó ń wò. Ìlà pupa méjì dábùú ara wọn lára ògiri wa, nọ́ńbà kan wà lábẹ́ wọn. Ọ̀dà olóròóró ni, ó ń dán, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ṣàn wálẹ̀ díẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù. Mo rò pé ẹnì kan ló da omi ìwẹ̀ nù, mo gba ẹ̀gbẹ́ kí bàtà ilé ìwé mi má bàa dọ̀tí.

Bàbá mi sọ fún ìyá mi pé kó má bẹ̀rù, pé àwọn oníomi ló ń ka ilé. Ìyá mi kò dá a lóhùn. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ó fi aṣọ di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ní epo gbígbóná ló ta sí òun níbi tí òun ti ń dín àkàrà. Kí òjò tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, a ti kó kúrò, ìjọba sì ti wó ilé náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àwọn tó yí i ká. Bàbá mi bá wa dé àdúgbò Tanghin, níbi tí a ti ń kọ́ ilé tuntun. Ó rí ìpìlẹ̀ rẹ̀, kò rí òrùlé rẹ̀. N kò sọ pé àmì ló pa á, ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ lórí mòtò rẹ̀ bí arúgbó.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ẹnì kan lè gbé búrọ́ọ̀ṣì, kó fà á lẹ́ẹ̀mejì, kó má pẹ́ tó ẹni tó ń mu omi, kí odindi agboolé sì tú. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù níwájú aṣọ funfun nìyẹn. Tí mo bá ti fà á, ó ti wà níbẹ̀.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí, wọ́n pè mí sí ìpàdé àwọn ayàwòrán ní ìlú Bobo. Mo fẹ́ gbé iṣẹ́ tuntun lọ, odindi oṣù kan ni mo fi gbìyànjú, aṣọ mọ́kànlá ló di ìnulẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo máa ń po ọ̀dà mi: iyẹ̀pẹ̀ pupa etí ọ̀nà tí mo fi ìborùn àtijọ́ jọ̀, omi, àti oje igi tí wọ́n ń tà lọ́jà nínú ọ̀rá kékeré. Ilẹ̀ lásán ni, ó máa ń rùn bí òjò àkọ́rọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ, mo ká àwọn iṣẹ́ àtijọ́ sínú àpò tìtìjú-tìtìjú, mo sì gbé abọ́ ọ̀dà tó kù lọ sẹ́yìn ilé kí n lọ dà á nù.

Ẹ̀yìn ilé wa kọjú sí omi Tanghin, níbi tí àwọn èèyàn ti ń gbin ewébẹ̀ àti àlùbọ́sà. Ògiri ibẹ̀ mọ́, a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ẹ ní ọdún tó kọjá. N kò mọ ohun tó ṣe mí. Búrọ́ọ̀ṣì wà nínú abọ́, oòrùn àárọ̀ wà lára ògiri, n kò di èémí mú, n kò bẹ̀rù, mo kàn fà á. Ìlà kan wá láti ibi orí mi wálẹ̀, ó gbẹ níbi ìdí. Èkejì gé e kọjá nísàlẹ̀, ó sì lọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni tí wọ́n pè láti ojú ọ̀nà. Mo fà sẹ́yìn. Àmì tí mo ti ń wá láti ọdún mẹ́wàá nìyẹn. Mo wá fóònù mi kí n yà á, kò sí iná nínú rẹ̀, wọ́n ti mú iná lọ láti ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹni tó fẹ́ fi mòtò gbé mi lọ síbi ọkọ̀ ń fọn fèrè níwájú ilé. Mo ní, ẹ̀ẹ̀rùn ni, òjò kò sí, á dúró dè mí.

Ẹ wo irú ìwà òmùgọ̀. Èmi ọmọ Zangouettin, mo fi ọ̀dà pupa fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sára ògiri ìta ilé ìyá mi, n kò sì rí ohun tí mo kọ. Ojú ayàwòrán ni mo fi wò ó: mo rí ìwúwo rẹ̀, mo rí bó ṣe yára tó, mo rí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ti gbẹ. Bẹ́ẹ̀ sì ni láti ìgbà òjò ni wọ́n ti ń sọ ọ́ ládùúgbò pé ìjọba fẹ́ kó àwọn ilé tó sún mọ́ omi kúrò. Mo gbọ́, n kò fi sọ́kàn. Àwọ̀ pupa ló gba ọkàn mi.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò ní Bobo. Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni mo padà dé. Yàrá iwájú, tí tọkọtaya kan háyà lọ́wọ́ wa, ti ṣófo, wọ́n ti yọ ìṣó tí wọ́n fi kọ́ kọ́tìnì pàápàá. Nínú ọgbà, ìyá mi jókòó sáàárín aṣọ ọjà rẹ̀, ó ń di wọ́n lẹ́rù-lẹ́rù.

"O ti dé?" ó ní. "Ṣé wọ́n tọ́jú rẹ dáadáa?"

"Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Wọ́n ti sàmì sí ilé wa lára. Ọjọ́ tí o lọ gan-an ni. Mi ò fẹ́ pè ọ́, kí ọkàn rẹ má bàa dàrú níbi iṣẹ́."

Kó tó sọ̀rọ̀ tán ni mo ti mọ̀.

Ó ti ṣètò ohun gbogbo, bó ṣe máa ń ṣe. Àláájì tó ń ta ẹ̀yà ara mòtò, tó ń gbé ní ilé kejì sí wa, ti gbà láti ra ilé náà pẹ̀lú àmì lára. Ó ní òun mọ̀ wọ́n ní búrò ìjọba, òun á bá wọn sọ ọ́. Owó tó fẹ́ san, owó ọjà tí iná ti jó ìdajì rẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọjọ́ náà, ó máa gbé obì wá pẹ̀lú àgbà méjì. Láàárín àwọn èèyàn wa níbí, tí wọ́n bá ti bu obì lórí ọ̀rọ̀ ilé níṣojú àgbà, ó parí nìyẹn, ìwé kàn máa ń tẹ̀lé e ni. Lẹ́yìn náà ìyá mi á padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, sínú yàrá kan nílé àbúrò rẹ̀, ní ìlú tí kò gbé mọ́ láti ogójì ọdún.

Mo kúnlẹ̀. "Màmá, èmi ni mo kọ ọ́. Kì í ṣe ìjọba. Ọ̀dà mi ni, èmi ni."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa mí lórí.

"Ọlọ́run á bù kún ọ. Mo mọ̀ pé o fẹ́ kí n fara balẹ̀."

"Màmá, mo fi Ọlọ́run búra."

"Má búra. Bàbá rẹ náà ṣe báyìí fún mi. Ó ní àwọn oníomi ni. Mo dákẹ́ fún un kí ọkàn tirẹ̀ lè balẹ̀. Ní tìrẹ, mi ò ní dákẹ́. C'est fini, ó ti parí. Wá bá mi mú ẹnu àpò yìí."

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé ekòló náà síwájú rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ṣàlàyé, mo fi abọ́ ọ̀dà hàn án. Ó ní pupa ni pupa ń jẹ́. Láti ọjọ́ tó ti rí àmì náà kò tíì sún mọ́ ọn. Tó bá fẹ́ kọjá lẹ́yìn ilé, ẹ̀gbẹ́ oko ewébẹ̀ ló ń gbà. Nígbà tí mo dá a lágara, ó dìde, ó so ìró rẹ̀ le.

"D'accord. Ìwọ lo kọ ọ́, àbí? Ó dáa. Tún un kọ kí n rí i."

Mo sáré po iyẹ̀pẹ̀ mọ́ omi àti oje. A jọ lọ sẹ́yìn ilé. Ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó kó ọwọ́ lé àyà. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà, ó ṣì dára, Ọlọ́run mi, ó tilẹ̀ dára ju bí mo ṣe rántí rẹ̀ lọ. Mo mí sínú, mo fà á. Ó tín-ín-rín. Mo fa òmíràn, ó sanra. Ẹ̀kẹta wọ́, ẹ̀kẹrin dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Òógùn ń wọ̀ mí lójú, mo sì ń gbọ́ ohùn bàbá Paspanga létí mi ketekete. Nígbà tí mo fi máa fa ìkeje, àwọn tó ń bomi rin àlùbọ́sà ti gbé agbè wọn sílẹ̀, wọ́n ń wò wá. Obìnrin kan bi wá ní èdè Mooré pé ṣé ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n fẹ́ wó ilé wa ni.

"O rí i?" ìyá mi ní. Kò bínú. "Ẹni tó mọ nǹkan ṣe á lè tún un ṣe. Mítà tí mo wọ̀n lánàá, òun náà ni màá wọ̀n lónìí. Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Mo ti gbà."

Ó padà sínú ọgbà. Mo wà níbẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.

Ohun tó wà níkùn mi tí n kò sọ fún un rèé. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ni mo ti mọ ohun tó máa yanjú ọ̀rọ̀ náà. Iyẹ̀pẹ̀ àti oje igi, omi ló ń ṣí i. Ìṣẹ́jú kan ni. Ọ̀dà ìjọba kì í ṣí. Tí tèmi bá ṣí, ẹjọ́ tán. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mo kúnlẹ̀, mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mo ń búra. N kò sọ ọ́ nítorí pé n kò fẹ́ kí àmì náà lọ. Mo ti fi fóònù yà á nígbà tí mo dé, ó jọ ìdọ̀tí lásán nínú fóònù. Mo ń wá ọ̀nà mìíràn, ọ̀nàkọnà, tí ìyá mi fi máa gbà mí gbọ́ tí èmi ò sì ní pàdánù. Mo tilẹ̀ rò ó pé kí n jẹ́ kí Àláájì ra ilé náà, kí n tún un rà lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá yá. Ojú tì mí láti kọ gbólóhùn yìí, ṣùgbọ́n mo rò ó.

Mo gbọ́ ìró mòtò níwájú ilé. Ìrun ti parí.

Àláájì kì í ṣe èèyàn búburú. Ó gbé omi tútù wá fún ìyá mi, ó kí i kú ìrọ́jú, ó kí i kú ewu, ó ní, "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀, barka, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n." Àwọn àgbà méjèèjì jókòó lórí ẹní. Àláájì tú ọ̀rá dúdú tó kó obì sí, ó mú ọ̀kan tó tóbi, ó nawọ́ rẹ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà kó fi ṣàdúrà. Àgbà náà bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mo wo ọwọ́ ìyá mi. Ó ti tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí itan rẹ̀, ó ń retí.

Búùtà tí ìyá mi fi ń ṣe àlùwàlá wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbé e, omi kún inú rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá sẹ́yìn ilé."

"Dúró ná, a ń ṣàdúrà."

"Màmá, ẹ wá nísinsìnyí!"

N kò pariwo mọ́ ìyá mi bẹ́ẹ̀ rí. Àdúrà dúró lẹ́nu àgbà náà. Mo ti ń lọ, mo gbọ́ sálúbàtà ìyá mi lẹ́yìn mi àti ti àwọn ọkùnrin náà. Nígbà tí mo dé iwájú ògiri, mo tún wò ó. Mo di èémí mú, bí mo ṣe máa ń ṣe níwájú aṣọ funfun. Lẹ́yìn náà mo gbé búùtà sókè, mo sì da omi náà sí i láti òkè.

Fún ìgbà díẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ìlà tó wálẹ̀ kọ́kọ́ tú, ó gbé èkejì lọ, pupa ń sáré lọ sínú koríko, ògiri mi ń hàn lábẹ́ rẹ̀. Àláájì ní, "Alhamdulillah." Àgbà kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀rá obì ṣì wà lọ́wọ́ Àláájì, kò mọ ohun tó máa fi ṣe, ó mú ẹyọ kan jẹ.

Ìyá mi rìn dé ìdí ògiri, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tó tutù náà, ó gbé e wò. Pupa ni. Ó fọwọ́ pa ọwọ́, ó run ún láàárín ìka bí ó ṣe máa ń run aṣọ tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òwú ni. Lẹ́yìn náà ó gba búùtà lọ́wọ́ mi, ó da ìyókù omi sí i, ó tú ìborùn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ ògiri. Ó fọ ti àkọ́kọ́ tán, ó fọ méjèèje tí mo fà tẹ̀lé e. Mo ń sọ pé kó má bínú, mo ń sọ ọ́ léraléra, n kò rò pé ó gbọ́.

"Ti Zangouettin," ó ní, kò wẹ̀yìn, "mo fọ̀ ọ́. Àwọn tó kọ ọ́ ò tíì dé ìkóríta tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí bàbá rẹ ti mọ́sálásí dé kó bá a níbẹ̀. Mo fi omi, mo fi ọṣẹ, mo fi kẹrosíìnì. Mo fi iyẹ̀pẹ̀ àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ mi fi bó."

Ó fún omi inú ìborùn náà.

"Kò lọ."

Kò sí nǹkan kan mọ́ lára ògiri nígbà náà, ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ìyá mi ṣì ń fọ̀ ọ́. Mo mú búùtà, mo lọ pọn omi sí i.